Àgò Kì Í Ṣe Ẹ̀wọ̀n: Bí Ọmọ Ajá Mi Ṣe Kọ́ Láti Sùn Nínú Kéèjì

Àkọsílẹ̀ ètò tòní nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, àti fún ẹ̀yin tí dátà yín ti fẹ́ tán.

Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan kan ń hanrun lẹ́yìn mi, ẹ má rò pé máíkì mi ti bàjẹ́. Tanímọ̀la ni. Ajá mi ni, ó ti pé oṣù méje báyìí. Inú kéèjì rẹ̀ ló sùn sí, ilẹ̀kùn kéèjì náà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sẹ́ni tó tì í mọ́bẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wọlé nígbà tó rí i pé mo ti gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sórí tábìlì, torí ó mọ̀ pé n kò ní bá òun ṣeré mọ́ fún wákàtí kan.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ajá láti fẹ́ràn kéèjì nínú ilé. Ẹ ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nípa ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà. Mo ń sá fún un nítorí pé ojú ń tì mí láti sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Tanímọ̀la kọ́ ni ajá mi àkọ́kọ́. Mo ti ní ọ̀kan rí, Bíńgò ni mo ń pè é, bí gbogbo ayé ṣe ń pe ajá. Ìta ló ń sùn, lẹ́nu ọ̀nà, lórí àpò ìrẹsì. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo gbọ́ tó gbó lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí ara padà, mo sùn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àpò ìrẹsì nìkan ló kù. Mo wá a dé ọ̀nà Ìpotì, mo wá a dé ọ̀nà Àrámọkọ, mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì mi. Ẹnì kan fèsì pé, "Ọdún ti dé, ẹ máa ṣe sùúrù." Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lágbègbè wa mọ ìtumọ̀ èsì yẹn. Ajá ní ọjà níbí. Àwọn kan ń jẹ ẹ́, àwọn kan ń fi bọ Ògún, àwọn kan kàn ń tà á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ mú owó wá. Èmi ò bá ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ajá jà. Ẹni tó gbé ti ẹlòmíràn ni mo ń bá wí. Ajá tó bá sùn síta nígbà ọdún dà bí fóònù tí ènìyàn gbàgbé sórí tábìlì ilé oúnjẹ.

Nítorí náà, nígbà tí ọdẹ àgbà kan ní ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀fọ̀n Aláayè fún mi ní ọmọ ajá mìíràn, mo búra pé èyí kò ní sùn síta. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Bàbá náà kò gbà kí n mú un ṣáájú ìgbà yẹn. Wọ́n ní ọmọ ajá gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ bí i, kó lè kọ́ bí a ṣe ń ṣeré láì bu ara ẹni jẹ. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Orúkọ ajá lè jẹ́ òwe tí wọ́n ń pa fún aládùúgbò: o ń pe ajá rẹ, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ń gbọ́. Mo rántí ẹni tó gbé Bíńgò, ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́, mo ní Tanímọ̀la ni tèyí máa jẹ́.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ilé tí mo ń gbé ní Ìjerò, yàrá mẹ́fà ló kọjú síra wọn, kọ́rídọ̀ kan la jọ ń lò. Màmá onílé wà ní yàrá iwájú, Alhájà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá gbà kí n mú ajá wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin mẹ́ta lélẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ tọ̀ sí kọ́rídọ̀. Kò gbọ́dọ̀ pariwo lóru. Kò sì gbọ́dọ̀ fara kan aṣọ Alhájà, nítorí pé bí itọ́ ajá bá kan aṣọ wọn, wọ́n ní láti fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kírun. Mo ní, "Màámi, ọ̀kankan ò ní ṣẹlẹ̀." Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹlẹ̀.

Mo ti ní kí wẹ́dà bá mi ṣe kéèjì. Kéèjì ńlá ni, èyí tí ajá tó dàgbà tán lè máa rìn kiri nínú rẹ̀, torí mo rò pé bó bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe tù ú lára tó. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, mo gbé ọmọ ajá sínú rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi í sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ páànù, mo wọlé lọ sùn. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí kò sùn ní òun nìkan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Òru kejì, bákan náà. Ní òru kẹta, mo jáde tìbínú-tìbínú, mo fi ọwọ́ gbá orí kéèjì náà gbàgàgbàgà pé kó panu mọ́. Ó tọ̀ sára, ó ká jọ sí igun kan, ó ń gbọ̀n. Lọ́sàn-án, bó bá jẹ wáyà ṣájà mi, inú kéèjì ni mo máa ń sọ ọ́ sí láti fi jẹ ẹ́ níyà. Lójú ara mi, mo ń kọ́ ajá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Màmá onílé pè mí. "Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n ara mi ò gba àìsùn mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún ọ. Bí kò bá dákẹ́, kí o wá ibi tí wàá gbé e lọ." Mo mọ ibi tí màá rí gbé e lọ. Ẹni méjì ti bi mí pé èló ni mo máa tà á. Mo sì mọ inú ìkòkò tí yóò ti bá ara rẹ̀.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo ro ẹjọ́ tèmi tán. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Láti ọjọ́ tí ajá yẹn ti dé, kí ni ohun rere kan tó ti ṣẹlẹ̀ sí i nínú kéèjì náà?"

N kò rí ìdáhùn kankan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìyá mi àgbà ní àgò. Ní ìrọ̀lẹ́, àgbébọ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ á wọ abẹ́ àgò, nítorí àwọn ẹranko tó ń jẹ adìẹ lóru. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni àgbàdo wà, ibẹ̀ ló móoru, ibẹ̀ ni nǹkan kan kì í ti í bá wọn jà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí màmá máa ń ṣe ni kí wọ́n ṣí àgò. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó ń fi adìẹ sábẹ́ àgò láti àárọ̀ di alẹ́. Àgò kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, yàrá ni. Ohun tí mo ṣe fún Tanímọ̀la ni ẹ̀wọ̀n. Irin kan náà ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ àti bí ènìyàn ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ló mú ìyàtọ̀ wá.

Kéèjì fúnra rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe tóbi sí. Ajá gbọ́dọ̀ lè dìde dúró nínú rẹ̀ láì tẹ orí ba, kó lè yí padà, kó lè na ẹsẹ̀ sùn. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ajá kì í fẹ́ ba ibi tó ń sùn jẹ́. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí i ló ti máa ń gbìyànjú láti kúrò lórí ibùsùn kó tó tọ̀. Ìwà àbínibí yẹn la fẹ́ lò. Bí kéèjì bá tóbi jù, yóò fi igun kan ṣe yàrá, yóò fi igun kejì ṣe ṣáláńgá. N kò ju kéèjì mi nù. Mo fi pákó dí ìdajì rẹ̀, mo sì ń sún pákó náà sẹ́yìn bó ṣe ń dàgbà.

Bí wẹ́dà ló bá máa ṣe é fún yín, ẹ sọ nǹkan mẹ́ta fún un. Àlàfo àárín irin kò gbọ́dọ̀ gba orí ọmọ ajá, kó má bàa há. Kí ó fi fáìlì ha gbogbo ibi tí irin ti mú. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ṣe jẹ́ irin lásán, ẹ tẹ́ pákó síbẹ̀, kí ẹ tó tẹ́ aṣọ lé e. Ẹ máa fọ aṣọ náà, kí ẹ sì máa sá a sóòrùn, torí eégbọn fẹ́ràn aṣọ ìdọ̀tí ju àwa gan-an lọ. Bí ajá bá fẹ́ wọlé, ẹ bọ́ okùn tàbí bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀. Okùn lè kọ́ irin, kó sì fún un lọ́rùn nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé.

Bó bá jẹ́ pé kéèjì àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè ohun tó pa ajá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àrùn parvo, èyí tó ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kó máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, lè wà lára nǹkan fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá ti kú. Ọṣẹ nìkan kò pa á. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi bleach tí ẹ ti bu omi là nù ún, kí ẹ ṣan án dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ sóòrùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo gbé kéèjì kúrò lẹ́yìnkùlé wá sínú yàrá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kó má lè padé. Fún ọjọ́ méjì, n kò tì í rárá. Mo kàn ń ju ègé ẹja gbígbẹ kéékèèké síbẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá ń kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, ó na ọrùn, ó mú ẹja, ó sá jáde. Ẹ̀rù ọwọ́ tí mo fi gbá irin lọ́jọ́sí ṣì wà lára rẹ̀. N kò fipá tì í. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kejì, ó wọlé, ó jókòó, ó wo ojú mi bí ẹni ń wo ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, inú kéèjì ni mo ti ń fún un lóúnjẹ, mo sì gbé abọ́ náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ wọlé, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: "Wọ yàrá." Ohùn kan náà, kì í ṣe ariwo. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yòówù tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí gbogbo ará ilé máa lo ẹyọ kan yẹn. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé "wọlé", tí ẹlòmíràn ń sọ pé "ó yá", ajá ò ní mọ èwo ni tòun.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ti ilẹ̀kùn nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́, mo sì ṣí i kó tó jẹun tán. Kò tiẹ̀ mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo dúró fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tó jẹun tán kí n tó ṣí i. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, tí mo jókòó síbẹ̀ tí mo ń ṣe édíìtì iṣẹ́ mi. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí jáde kúrò nínú yàrá: mo lọ pọn omi, mo padà. Mo lọ ra búrẹ́dì, mo padà. N kì í dágbére, n kì í sì í yọ̀ mọ́ ọn bí mo bá dé. Kí jíjáde mi má ṣe jẹ́ ìròyìn.

Báwo ni ti ariwo? Nǹkan méjì ló ń mú kó ké. Bó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ jáde wá ṣeré ni, mo máa ń dúró dìgbà tó bá dákẹ́, ìbáà jẹ́ fún ìwọ̀n kí ènìyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí n tó ṣí i. Bí ẹ bá ṣí i nígbà tó ń ké lọ́wọ́, ẹkún lẹ fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti sùn tó sì ṣàdédé jí, tó ń ké, tó ń yí kiri, ìtọ̀ ni. Ẹ dìde kíá. Ní aago méjì òru, mo máa ń gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, láìsọ̀rọ̀, láìṣeré. Bó bá ti tọ̀, mo yìn ín díẹ̀, ó di inú yàrá rẹ̀. Lóru, mo máa ń ju ọwọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó lè gbóòórùn mi. Ní òru kẹsàn-án, ó ké díẹ̀, ó sùn. Ní òru kejìlá, ìpè àdúrà ló jí àwa méjèèjì.

Lọ́sàn-án, ìgbà mẹ́ta ni ẹ kò gbọ́dọ̀ pa jẹ láti mú un jáde: bó bá jí, bó bá jẹun tán, bó bá ṣeré tán. Ibì kan náà ni kí ẹ máa mú un lọ, torí òórùn ibẹ̀ yóò rán an létí. Bó bá ba inú ilé jẹ́, ẹ má fi imú rẹ̀ nu ilẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Kò ní kọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju pé kó máa fara pamọ́ fún yín bó bá fẹ́ tọ̀. Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, kí ẹ bi ara yín pé ta ló gbàgbé láti mú un jáde.

Wákàtí mélòó, ooru mélòó

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí o. Ìṣirò tí àwọn tó ń kọ́ ajá máa ń lò ni pé kí ẹ ka iye oṣù tí ọmọ ajá ti lò láyé, kí ẹ fi ẹyọ kan kún un: iye wákàtí tó lè mú ìtọ̀ mọ́ra nìyẹn, bó bá pọ̀ jù. Ọmọ oṣù méjì, wákàtí mẹ́ta. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ lò ó tán. Bó bá tilẹ̀ dàgbà, kì í ṣe ibi tí ajá ń gbé láti àárọ̀ di alẹ́. Ní Amẹ́ríkà, kéèjì inú ilé wọ́pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní Sweden àti Finland, òfin kò gbà kí ènìyàn máa ti ajá mọ́ irú kéèjì bẹ́ẹ̀ nínú ilé lójoojúmọ́. Ẹ rí i pé àwọn tó fẹ́ràn ajá gan-an pàápàá ò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó mú mi fara mọ́ ọn ni pé ilẹ̀kùn tèmi máa ń ṣí fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ajá ló ń lo gbogbo ọ̀sán nínú kéèjì lẹ́bàá géètì, tí wọ́n á sì tú u sílẹ̀ lóru kó máa ṣọ́ ilé. Wọ́n ní ìyẹn ni yóò jẹ́ kó rorò. Ajá tí a kò jẹ́ kó mọ ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti àbúrò yín tó wá kí yín láti Adó.

Ọ̀rọ̀ ooru wá ńkọ́? Ajá kì í làágùn káàkiri ara bí tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n síta ló fi ń tu ara rẹ̀. Bí atẹ́gùn tó ń mí bá gbóná, kò sí ohun tó lè fi tura. Nítorí náà, kéèjì lábẹ́ páànù nínú oòrùn oṣù Kejì tàbí ìkẹta lè pa ajá láàárín àkókò díẹ̀. Bí iná bá lọ tí fáànù dúró, ẹ ká aṣọ tí ẹ fi bo kéèjì kúrò, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì rí i pé omi wà nínú abọ́ rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹ fi aṣọ kún ibùsùn rẹ̀. Aṣọ ìbora tún wúlò nígbà ọdún, bí àwọn ọmọ bá ń yin báńgà. Ajá tó ní yàrá tó fọkàn tán yóò sá wọbẹ̀ dípò kó sá wọ títì.

Ohun tí kéèjì kò lè ṣe

Kéèjì kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Dìgbòlugi kò mọ ajá inú ilé yàtọ̀ sí ajá ìta. Inú itọ́ ajá ni kòkòrò àrùn náà wà, láti ara ajá ló sì ti ń dé ara ènìyàn jù lọ. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló máa ń yọrí sí. Ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá yín bó bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí dókítà ẹran sì sọ ìgbà tí wọn yóò tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ parvo àti àwọn yòókù ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà, nítorí náà ẹ tètè béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo tàbí ata sí i. Ẹ má sì yára lu ajá náà pa. Tí ara ajá náà bá le, ṣe ni wọ́n máa ń tì í mọ́ ibì kan fún ọjọ́ 10 kí dókítà ẹran máa wò ó. Bó bá ní dìgbòlugi nígbà tó bu ènìyàn jẹ, yóò hàn láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bù jẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kẹwàá kó tó lọ gba abẹ́rẹ́ o. Ajá tó ti mọ kéèjì ní yàrá lè lo ọjọ́ 10 náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ajá tí kò mọ̀ ọ́n, okùn àti igi ni wọ́n máa lò fún un.

Ìbéèrè yín

Ẹnì kan láti Àrámọkọ béèrè bóyá ajá tó ti dàgbà ṣì lè kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ ẹ fi sùúrù kún un, pàápàá bí wọ́n bá ti fi kéèjì jẹ ẹ́ níyà rí.

Ẹnì kan ní òun máa ń jáde ní aago méje àárọ̀, òun kì í sì í dé títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òun nìkan ló sì ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi, má bínú sí mi. Bí o kò bá ní ẹni tó máa wá ṣí i lọ́sàn-án, má tíì mú ọmọ ajá. Kì í ṣe pé o kò ní ìfẹ́, àyè ni kò sí.

Ẹnì kan béèrè bóyá òun lè lo àgò adìẹ gan-an. Ẹ̀rín pa mí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti jẹ ẹ́ tán. Bí owó wẹ́dà bá wọ́n jù, káfíntà lè fi pákó kàn án, kó dá àlàfo púpọ̀ sí i fún atẹ́gùn. Fún ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, páálí ńlá tí ẹ gé ẹnu ọ̀nà sí lára tó láti fi kọ́ ọ ní "Wọ yàrá."

Èyí tó kẹ́yìn: ajá kan ń fi eyín ge irin títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ dáwọ́ dúró. Kì í ṣe agídí, ìbẹ̀rù ni. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì lọ rí dókítà ẹran. Kì í ṣe gbogbo ajá ni kéèjì bá lára mu.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Mo lọ gba ohùn sílẹ̀ ní Adó. Aago kan ọ̀sán ni mo kúrò nílé, mo sì rò pé màá padà dé kí aago mẹ́rin tó lù. Mọ́tò wa bàjẹ́ lẹ́yìn Àrámọkọ. Aago mẹ́fà lù, a ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo pe Màmá onílé, ohùn mi ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Kí lò ń ṣàlàyé? Kọ́kọ́rọ́ rẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣí i láti aago mẹ́rin, mo ti mú un lọ sẹ́yìnkùlé, Alhájà ti ju orí ẹja fún un. Mo ní 'Wọ yàrá', ó sì wọlé. Ó ń gbọ́ràn jù ọ́ lọ."

Màmá tó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì ni o. Àti Alhájà tí mo bẹ̀rù pé ajá mi máa ba aṣọ wọn jẹ́. Wọ́n ò fọwọ́ kàn án, okèèrè ni wọ́n ti ju ẹja. Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú orí ẹja náà dè é.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo ti pa òwe yẹn fún Bíńgò rí, lọ́jọ́ tí mo wá a tí n kò rí i. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ báyìí. Ọdẹ ní láti kọ́kọ́ kọ́ ajá ní fèrè. Ní òru ọjọ́ yẹn, Bíńgò gbó lẹ́ẹ̀mejì, ó pè mí. Èmi ni n kò gbọ́.

Ó tó bẹ́ẹ̀ fún tòní. Bí ẹ bá ní ajá tó ń dà yín láàmú, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ orúkọ tí ẹ sọ ọ́ àti ẹni tí ẹ fi ń pòwe.